Okùn Iṣu Tó Yọ Wá Nínú Iná ní Akpassi

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé táyà kọ́ mi lọ́rùn ní Akpassi. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó bọ́ ọ kúrò! Ẹ tún yìn Ín lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀yin ará, nítorí ẹnu tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti fi ìdí ìbọn fọ́ ọ rí.

Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni mí. N kì í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti àárín.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Djaloukou ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ni, lẹ́yìn náà Savalou, kí n tó padà sílé ní Bantè. Fádà ìjọ wa wá pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní àwọn ará òkè òkun ti fi kọ̀ǹpútà mẹ́rin ta ìjọ lọ́rẹ. Wọ́n ti lo àwọn ẹ̀rọ náà gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a fẹ́ fi wọ́n ṣe kò le láti sọ: kí a máa tẹ ìwé ìkàwé fún àwọn àgbà ní èdè Ica wa, kí àgbẹ̀ lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn òwú kó tó fi ọwọ́ kàn án. A ti sin ènìyàn nítorí àìlèkà yẹn, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Tómà lorúkọ rẹ̀. Abijáàn ni ẹ̀gbọ́n mi bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí, ìgbà tí ìyá rẹ̀ kú ló tó wá sọ́dọ̀ mi. Faransé ló ń sọ. Nínú Ica, ìkíni nìkan ló mọ̀, ìyẹn náà kò sì dán mọ́rán. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá dá wa lẹ́jọ́.

Tómà fi wáyà so ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn, kí wọ́n lè máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n wáyà náà kò jáde kúrò nínú yàrá. Kò sí tẹlifóònù níbẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń sọ ní Kútọnú, orúkọ rẹ̀ nìkan ló dé Bantè. Ọ̀rẹ́ Tómà kan ní Kútọnú ló ní ètò kọ̀ǹpútà tó lè tẹ èdè wa pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ètò náà kì í ṣe oúnjẹ tí a ti sè. Èròjà ni. Orí ẹ̀rọ tiwa gan-an ni a ó ti sè é, kí ó tó lè bá ẹ̀rọ tiwa mu.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. A gbé èròjà dé láti Kútọnú nínú dísìkẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kà, Tómà bẹ̀rẹ̀ sí í sè é, ẹ̀rọ ní ohun kan kù tí ètò yìí gbára lé. A padà lọ sí Kútọnú, a mú ohun náà wá. Ẹ̀rọ ní ohun tí a mú wá yìí náà tún gbára lé òmíràn. A tún lọ. Òmíràn náà ní ẹni tí òun fi ẹ̀yìn tì. Nígbà mìíràn a ó mú ohun tí ó bèèrè wá, ẹ̀rọ á ní orúkọ bá a mu ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni, òun fẹ́ tuntun. Níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, ẹ̀rọ á nawọ́ mú ohun tó kù fúnra rẹ̀. Ní Bantè, èmi àti Tómà ni ọwọ́ tí ẹ̀rọ ń nà, títí dé Kútọnú, tàkìsí dé Savalou, sẹ́mijàn, alùpùpù akérò, láti Savalou délé.

Inú agolo bisikíìtì ni mo ń kó àwọn dísìkẹ́ẹ̀tì sí, nítorí eruku ọyẹ́. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Gbogbo ibùdókọ̀ Savalou ló mọ̀ wá. Ọmọkùnrin kan tó ń pe èrò sọ́kọ̀ níbẹ̀ kì í jẹ́ kí n kọjá láìpè mí ní Mẹ́tìrì, bí Faransé ṣe ń pe olùkọ́.

“Mẹ́tìrì, ẹ tún ti lọ gba owó oṣù gbogbo olùkọ́ Bantè wá ni?”

Àwọn èrò á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan Tómà dá a lóhùn ní Faransé pé, “Ohun tó wà níbẹ̀ ju owó lọ.” Ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo etí tó wà ní ibùdókọ̀ ló wá gbọ́ àwàdà.

Ìyàwó mi ló la ojú wa. Mo ń pàlẹ̀ ẹrù mọ́ láti tún lọ, ó jókòó níwájú ilé, ó ń gé ẹ̀bù iṣu tí a ó gbìn. Ó wò mí títí.

“Bàbá Áńjẹ́lì,” ó ní, “ta ní í gbé ẹ̀bù kan ṣoṣo lọ sóko, kó gbìn ín, kó wá padà wálé wá gbé èkejì?”

Mo ní a kò mọ ohun tó kù títí ẹ̀rọ á fi sọ ọ́. Ó ní kí a bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ níbi tí ọjà ti sún mọ́ ọn nígbà náà, kì í ṣe níbí. Ó tẹ orí ba, ó ń bá ẹ̀bù rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọkùnrin ìjọ, ẹ máa gbọ́ ti aya yín. Ẹ ṣeun.

Nígbà tí a dé Kútọnú lọ́tẹ̀ yìí, a kò yára. Èròjà kọ̀ọ̀kan tí Tómà bá mú, mo bi í léèrè ta ni ìyẹn gbára lé. Ó bá dárúkọ rẹ̀, a mú òun náà. Ta ni òun náà gbára lé? Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe títí a fi dé ìdí àwọn tí kò gbára lé ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó fa okùn íńtánẹ́ẹ̀tì yọ kúrò lára ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó ṣe bí ẹni pé Bantè ni a wà, kí ó sè é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rò pé àpọ̀jù ni. Ó fà á yọ, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi figbe ta pé ohun kékeré kan kò sí. Ẹ̀rọ náà ti ń yá a láti ìta láìsọ fún wa. Tómà wo ojú mi, ó ní, “Tọ́ntọ́n,” bí ó ṣe ń pe èmi àbúrò ìyá rẹ̀ ní Faransé, “ẹ má bínú sí mi.” A mú ohun kékeré náà. Ó tún un sè, ó jinná.

A wá tò wọ́n sí ìdì ìdì bí wọn yóò ṣe wọ ẹ̀rọ. Àwọn tí kò gbára lé ẹnikẹ́ni ni ìdì àkọ́kọ́, àwọn tó gbára lé wọn tẹ̀ lé e, títí dé orí ètò fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà méjì méjì la ṣe. Mo fi okùn ìko so ìdì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe ń so iṣu mọ́ òpó àká. Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá mi. Okùn rẹ̀ máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì, á gba abẹ́, ìrù rẹ̀ á wá padà sí òsì, níbi tí ti gbogbo ayé ti ń lọ sí ọ̀tún. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ayé rẹ̀. Síbẹ̀ ó fi kọ́ gbogbo wa, ó ní okùn òun kì í tú. Kò sí ohun tí mo ń rò lọ́kàn nígbà tí mo ń so ó. Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n wá sọ apá tó le.

A kúrò ní Savalou nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀. Tómà àti èmi la wà lẹ́yìn sẹ́mijàn kan ṣoṣo, agolo wà láàárín wa. Nígbà tí a sún mọ́ àwọn oko kajú tó wà lápá Akpassi, igi kan dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà. Kí sẹ́mijàn tó lè tẹ bíréèkì dáadáa, ìbọn dún. Alùpùpù dojú dé. Ẹni tó gbé wa gbé e dìde, ó yí i padà, ó sì sá gba ọ̀nà Savalou lọ. N kò bá a wí. Ẹ̀mí rẹ̀ ló gbé lọ.

Àwọn ọkùnrin náà jáde láti abẹ́ kajú, wọ́n fi aṣọ bo ojú. Ọ̀kan ló ní ìbọn, àdá ló wà lọ́wọ́ àwọn yòókù. Wọn kò bèèrè àpò. Agolo ni wọ́n bèèrè.

“Gbé owó olùkọ́ wá.”

Mo ní kì í ṣe owó. Ẹni tó sún mọ́ mi ṣá mi ní apá ọ̀tún. N kò kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ṣá mi. Mo kàn rí i pé ìka mi kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́, agolo sì bọ́. Wọ́n já aṣọ, wọ́n ṣí ìdérí. Wọ́n da ìdì àwọn dísìkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ ta wọ́n káàkiri, wọ́n ń wá owó lábẹ́ wọn. Ìbínú wọn wá di ìlọ́po. Wọ́n lu Tómà bí ẹni ń pa ejò. Wọ́n fi pẹlẹbẹ àdá nà án lẹ́yìn títí awọ fi ṣí. Mo gbìyànjú láti sọ pé kí wọ́n dá a sí. Mo la ẹnu, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́,” ẹni tó mú ìbọn sì fi ìdí rẹ̀ gbá mi ní àgbọ̀n. Mo gbọ́ nígbà tí eegun ṣẹ́. Eyín mi kún ẹnu mi bí ọkà. Wọ́n bọ́ bàtà wa, wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì wa, wọ́n gba aago ọwọ́ mi, wọ́n sì wọ igbó lọ.

Ọlọ́run ló kọ́kọ́ dúró níbẹ̀, nítorí wọn kò yìnbọn fún wa. Ọpẹ́ ni fún Un.

Tómà gbára jọ. Ó fi aṣọ tí mo fi wé agolo di apá mi. Ó ń sunkún, síbẹ̀ ó ń ṣa àwọn ìdì náà jọ láti inú eruku. Mo fẹ́ sọ pé kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń jáde. Ó fi apá gbé mi, a wọ inú oko kajú láti wá ilé tó sún mọ́.

Àwọn ará Akpassi ti gbọ́ ìbọn. Ẹ má gbàgbé pé àwọn ọlọ́ṣà kan náà ti pa ọmọ ìlú wọn kan lójú ọ̀nà yẹn ṣáájú, wọ́n ṣì ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti búra. Bí wọ́n ṣe tú jáde pẹ̀lú kùmọ̀ àti àdá, tí Tómà gbọ́ ariwo wọn, ó rò pé àwọn ọlọ́ṣà ló padà. Ó fà mí, a bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin méjì, wọn kò wọ ẹ̀wù, wọn kò wọ bàtà, ẹ̀jẹ̀ bò wọ́n, wọ́n ń sá nínú igbó, ọ̀kan gbé agolo. Bí èmi náà bá wà lára wọn, ta ni ǹ bá rò pé ó jẹ́?

Òkúta bà mí lẹ́yìn orí, mo ṣubú. Wọ́n wọ́ wa dé ìta gbangba ìlú náà. Àwọn kan ń fi kùmọ̀ lù wá lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ́ wa. Obìnrin ọ̀fọ̀ kan, opó ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà pa, wá, ó fi ìgbálẹ̀ lu ojú mi, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ọwọ́. N kò bínú sí i títí di òní.

Ẹni tó ṣe olórí wọn jẹ́ géńdé kan tí wọ́n ń pè ní Bùráímọ̀. Òun ló ṣí agolo.

“Kí nìyí?”

Tómà ń sọ̀rọ̀ ní Faransé pé ọmọ Bantè ni òun, pé wọ́n ja àwa gan-an lólè ni, pé ti ìjọ ni ẹrù náà. Bùráímọ̀ gbọ́ Faransé náà díẹ̀. Ó ní kí ó sọ ọ́ ní èdè Bantè. Tómà ṣí ẹnu. Ìkíni àárọ̀ ló jáde, pẹ̀lú ẹkún.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú. Bùráímọ̀ ní, “Ọmọ Bantè tí kò gbọ́ Bantè. Ìyá rẹ ni kò kọ́ ọ ni, àbí ìwọ lo ti ta á?” Ó yíjú sí àwọn ènìyàn, ó ní ó dájú, ilé fádà ni wọ́n jà, èyí ni ẹrù tí wọ́n kó.

Wọ́n bi èmi náà léèrè. Ẹ̀yin ará mi, gbogbo ọdún tí mo fi sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ ọlọ́mọ! Lọ́jọ́ tí mo nílò gbólóhùn kan ṣoṣo, àgbọ̀n mi rọ̀ sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn tó já. Ìró tó ń ti ọ̀fun mi jáde kì í ṣe ti ènìyàn. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, apá ọ̀tún kò gbé. Wọ́n ní mò ń ṣe bí odi, wọ́n sì dè wá lọ́wọ́. Wọ́n gbé táyà kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n gbé òmíràn kọ́ Tómà. Bùráímọ̀ da ẹ̀sáǹsì, epo bẹntiróòlù, sí wa lára láti inú ìgò. Mo ṣì ń gbóòórùn rẹ̀ nígbà mìíràn bí mo bá ń gbàdúrà. Ó tutù lára mi, ó sì ta mí ní gbogbo ojú ọgbẹ́. Tómà ń pè mí, “Tọ́ntọ́n, Tọ́ntọ́n,” n kò sì lè dá a lóhùn.

Mo sọ nínú ọkàn mi pé, Olúwa, dá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sí. Mo ti gbó. Kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹni tí Ọlọ́run rán kò sáré wá. Àgbàlagbà Mùsùlùmí kan ni, Bàbá Làsísì, ó ń ti ibi ìrun bọ̀, kẹ́tùlù omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n fi agolo hàn án. Ó mú ìdì kan, ó gbé e sún mọ́ ojú. Kò wo dísìkẹ́ẹ̀tì rárá. Okùn ló ń wò. Ó fi àtàńpàkò tẹ ibi tí wọ́n ti so ó.

“Ta ló so èyí?”

Bùráímọ̀ ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a parí iṣẹ́ yìí kí ilẹ̀ tó ṣú.”

“Mo ní ta ló so ó.”

Tómà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó rí ìka tó wà lórí okùn. Ó fi orí júwe mi.

Bàbá Làsísì ní kí wọ́n tú ọwọ́ mi. Wọn kò fẹ́. Ó gbé kẹ́tùlù rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró sí àárín èmi àti Bùráímọ̀, nínú ẹ̀sáǹsì tó wà nílẹ̀ gan-an. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ ṣáná, kí wọ́n ṣá a. Wọ́n wá tú mi. Ó já ìko kan, ó mú iṣu láti ara ẹrù ẹnìkan tó ti oko dé, ó jù ú síwájú mi.

“So iṣu yìí.”

Apá ọ̀tún mi ti kú. Okùn ọlọ́wọ́ ọ̀tún, n kì bá tí lè so ó. Ṣùgbọ́n okùn bàbá mi, ọwọ́ òsì ló ni ín! Mo fi ẹsẹ̀ tẹ orí okùn mọ́lẹ̀. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó bọ́. Ẹnìkan pòṣé. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo yí i lẹ́ẹ̀mejì, mo gbà á lábẹ́, mo dá ìrù rẹ̀ padà sí òsì, mo fà á.

Bàbá Làsísì gbé iṣu náà sókè, ó mì í, kò tú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi etí agbádá rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú mi, ó wò mí dáadáa.

“Mo ti jẹ àáró nínú àká bàbá rẹ nígbà tí n kò tíì gbéyàwó,” ó ní. “A fi okùn yìí bú u títí. Olè kò lè jí èyí kọ́.”

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ táyà kúrò lọ́rùn mi, lẹ́yìn náà ti Tómà. Aláàánú ni Ọlọ́run! Ẹ bá mi gbé E ga! Ẹlòmíràn ni ìbá máa jẹ́ ẹ̀rí yìí, níwájú pósí.

Àwọn tó ń lù wá náà ló gbé wa lọ. Bùráímọ̀ ló gbé mi pọ̀n sẹ́yìn dé ibi tí ọkọ̀ wà. Mo ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù nínú ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn ní Savalou, dókítà fi wáyà so àgbọ̀n mi, ó ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ sísọ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó gbọ́ ìtàn náà, ó sọ fún ìyàwó mi pé òun rí ọgbẹ́ tí iná ń fà lọ́pọ̀ ìgbà, òun kì í sábà rí ẹni tí wọ́n ti da ẹ̀sáǹsì sí lára kó tún wà láàyè mu omi. Ìyàwó mi ń fọ orí mi. Jàndáámù, ọlọ́pàá ìgbèríko, wá, ó bèèrè bóyá a fẹ́ pe àwọn ará Akpassi lẹ́jọ́. Tómà wo ojú mi. Mo mi orí pé rárá. Àwọn ọlọ́ṣà ni kí wọ́n wá, wọ́n sì rí wọn mú nígbẹ̀yìn. Ọpẹ́ ni.

Nígbà tí a padà sí Bantè, àgbọ̀n mi ṣì wà nínú wáyà. Mo jókòó nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, Tómà ń tú àwọn ìdì náà bí mo ṣe tò wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ti ba díẹ̀ jẹ́ nínú wọn, ó mú ẹ̀dà wọn kejì. Ìdì àkọ́kọ́ wọlé. Èyí tó tẹ̀ lé e wọlé. Ẹ̀rọ kò bèèrè ohun kan tí kò sí nínú agolo. Nígbà tó yá, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èdè wa lórí rẹ̀, àmì rẹ̀ pé. Tómà gbé orí lé tábìlì, ó sunkún. Èmi kò lè kọrin. Mo fi ọwọ́ òsì lu tábìlì, ìyẹn ni orin mi.

Títí di òní, ohunkóhun tí a bá mú wọ yàrá yẹn, a ń fi ẹ̀dà rẹ̀ sí àká kan lórí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú gbogbo ẹni tó gbára lé. Àwọn ẹ̀rọ yòókù ń ti ibẹ̀ mú. A kò tún rin ọ̀nà Savalou nítorí ẹyọ kan mọ́.

Nígbà tí ẹnu mi san, Akpassi ni mo kọ́kọ́ mú ìwé náà lọ. Bàbá Làsísì fún wa ní abẹ́ igi rẹ̀. Obìnrin ọ̀fọ̀ yẹn jókòó níwájú. Bùráímọ̀ dúró lẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́, kò fẹ́ jókòó, títí mo fi pè é lórúkọ. Tómà ló jókòó tì í, nítorí òun náà ń kọ́ Ica. Lọ́jọ́ tí Bùráímọ̀ kọ́kọ́ ka gbólóhùn kan tán, ó pa ìwé dé, ó wo Tómà.

“Mo bi ọ́ ní ìbéèrè lọ́jọ́ yẹn,” ó ní, “n kò sì dúró kí o dáhùn.”

Tómà dá a lóhùn ní Ica. Ó ṣì ń kọsẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì tún un ṣe fún un díẹ̀: “Ìyá mi kú kó tó kọ́ mi tán.”

Ẹ̀yin tó wà nínú ìpọ́njú, ẹ̀yin tí ẹnu yín kò lè sọ ohun tó ń ṣe yín, Ọlọ́run ní ẹni tó mọ okùn yín. Ẹ di í mú. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi dúpẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́ nínú ìtàn yìí: kí ẹ tó gbéra lọ sọ́nà, ẹ bèèrè títí ìbéèrè á fi tán. Kí ẹ tó ṣáná, ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn.